Ẹsẹ̀ Alùpùpù, Ẹsẹ̀ Tèmi

Sátidé, 6 oṣù Kẹrin

Òjò láti àárọ̀. Mo tú ẹsẹ̀ méjèèjì alùpùpù náà nínú gáréèjì, mo sì rí ohun tí mo ti ń bẹ̀rù láti ìgbà òtútù. Ìpẹtà ti jẹ ríìmù ẹ̀yìn. Mo fi orí ìṣó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé bí ẹni fi ìka tẹ bisikíìtì tó ti rin sínú tíì. Ríìmù tuntun ni, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ríìmù tuntun, sípóòkù tuntun, táyà tuntun.

Den Rudkin dé lọ́sàn-án, ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ mi bí ẹni pé òun ló rà á. Láti ìgbà èwe wa ni èmi àti ẹ̀ ti jọ ń gun alùpùpù. A máa ń fi owó sínú ẹ̀rọ orin ní káfẹ́ orí títì North Circular, a ó sáré dé oríta, a ó sì padà kí orin náà tó parí. Irú alùpùpù ìgbà yẹn gan-an ni mo ń kọ́ yìí: férémù Norton, ẹ́ńjìnnì Triumph, ọwọ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ débi pé ẹni tó gùn ún á fi àyà lé táǹkì. Mo sọ fún Den pé ríìmù íńṣì 19 ni màá fi síwájú, 19 ni màá fi sẹ́yìn, bí férémù náà ṣe wáyé.

"Fi 18 sí i," ni ó wí.

"Nítorí kí ni?"

"Ó máa ń yí kọ́nà dáadáa. Táyà ẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà."

"Láti ọjọ́ wo lo ti ń ro ti kọ́nà mi?"

"Wilf, bí mo bá bu omi fún ọ mu, wàá bi mí pé ta ló tọ̀ sínú ẹ̀."

 Ó dá mi lójú pé ó ní ríìmù 18 méjì níbì kan tó ń wá ẹni tó máa gbé e rù.

Carol ọmọ mi pè ní ìrọ̀lẹ́. Ó tún rán mi létí àdéhùn wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwa tí à ń gun alùpùpù máa ń jọ lọ sí Brighton lọ́dọọdún, Sunday kejì oṣù Kẹsàn-án, òun á wá dúró lẹ́nu géètì. Bí n kò bá lè jókòó lórí alùpùpù náà kí n sì fi ẹsẹ̀ ara mi gbé e dúró, láìfara ti nǹkan kan, òun á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, a ó sì tà á. "Ẹ ṣèlérí, Dádì." Mo ṣèlérí lóòótọ́. Ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà yẹn, wọ́n di ẹsẹ̀ mi pa. Ta ni kò ní ṣèlérí? Ó gbà pé ọjọ́ orí ló gbé mi ṣubú níbi iná ojú pópó ní Hanger Lane ní oṣù Kẹwàá tó kọjá. Epo ló wà lójú ọ̀nà. Den wà lẹ́yìn mi, ó rí i.

Túsìdeè, 9 oṣù Kẹrin

Mo lọ sílé Den, mo ní mo fẹ́ yá sípánà ńlá rẹ̀. Nígbà tó lọ gbé omi tíì kaná, mo ká tapólì tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sókè. Sìmẹ́ńtì tó ti di òkúta, ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, àga mẹ́ta tí kò lẹ́sẹ̀. Kò sí ríìmù kankan.

Èyí ló wá bà mí lẹ́rù. Bí ó bá ní ríìmù láti tà fún mi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Bí kò bá ní, kí ló ń wá?

Sunday, 14 oṣù Kẹrin

Oòrùn díẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù. A lọ sí káfẹ́. Tíì tún ti wọ́n sí i, wọ́n sì ń béèrè irú wàrà tí èèyàn fẹ́, bí ẹni pé màlúù ti ju oríṣi kan lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kún ibi tí à ń gbé ọkọ̀ sí pẹ̀lú alùpùpù wọn tuntun, táyà wọn sanra bí búrẹ́dì tó wú jù. Ọ̀kan tó di irùngbọ̀n rẹ̀ ní kókó wo fọ́tò alùpùpù mi lórí fóònù Den.

"Bàbá, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ máa fi í pín ìwé ìròyìn ni?"

Mo sọ fún un pé bí èèyàn bá fi táyà gbọ̀ọ̀rọ̀ sórí ríìmù tóóró, ríìmù á fún un lẹ́rẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó, bí ó bá sì dé kọ́nà, á kàn dà ọ́ nù ni.

"Ṣùgbọ́n ó dára nínú fọ́tò," ni ó wí.

"Nínú fọ́tò ni kí o máa gùn ún, nígbà náà."

Den rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láyà. Inú mi dùn títí mo fi lọ tọ̀ tí mo sì padà. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i pé Den ń wo bàtà mi bí mo ṣe ń bọ̀. Kò wo ojú mi rárá. Bàtà mi ló ń wò, àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Kí lò ń wò?"

"Okùn bàtà ẹ tú."

Okùn bàtà mi kò tú.

Tọ́sìdeè, 25 oṣù Kẹrin

Mo ṣe àṣìṣe tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn jẹ́ pé àwọn méjì ti mọ̀.

A gbé họ́ọ̀bù méjèèjì, irin àárín ẹsẹ̀ tí sípóòkù ti ń jáde, lọ sọ́dọ̀ Pauline Hebden ní Hayes, obìnrin tó ń hun sípóòkù mọ́ ríìmù. Sìgá kì í kúrò létí rẹ̀, gbogbo ọkùnrin tó bá sì wọlé ni ọkọ rẹ̀. Ó gbé họ́ọ̀bù ẹ̀yìn yí sọ́tùn-ún yí sósì.

"Ọkọ mi, ríìmù yẹn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Báwo ló ṣe fì tó? Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gé sípóòkù, àbí?"

N kò wọ̀n ọ́n. Àwọn nọ́ọ̀tì ti pẹtà, inú bí mi, mo fi pílásì gé gbogbo sípóòkù kúrò. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nìyẹn láti kékeré: wọ̀n ọ́n kí o tó gé e.

"Háà! Ẹ gé ìdodo ọmọ, ẹ ò mọ ìyá ẹ̀!"

Den rẹ́rìn-ín débi tó fi di ògiri mú. Pauline ní kò burú, kí a gbé férémù fúnra rẹ̀ wá, òun á fi férémù wọn ibi tí ẹsẹ̀ náà yẹ kó dúró.

Lẹ́yìn náà Den ní kí n lọ wò ó bóyá òun ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo lọ. Ó tì í. Nígbà tí mo padà, òun àti Pauline ti forí kanrí, wọ́n sì yára yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Pauline wò mí láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, bí alápatà ṣe ń wo itan màlúù. Ó wá ní ríìmù 19 tí ihò rẹ̀ bá họ́ọ̀bù mi mu ti tán, kò ní sí títí di oṣù Kẹwàá. Ṣùgbọ́n 18 wà.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ni mo wí.

"Kí la sọ?" Wọ́n jọ sọ ọ́ pọ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan náà.

Fúráìdeè, 26 oṣù Kẹrin

N kò rí oorun sùn. Òjò.

Túsìdeè, 7 oṣù Karùn-ún

Mo ti rí wọn mú. Mo tẹ nọ́ńbà tó ń fi ẹni tó pè pamọ́, mo fún imú mi pa, mo sì sọ̀rọ̀ bí ará Scotland. Mo ní orúkọ mi ni McCorquodale. Mo ní mo ń wá ríìmù 19, oníhò ogójì.

"Ó wà, ọkọ mi," ni Pauline wí. "Ó wà nílẹ̀ dáadáa. Ẹ wá gbé e lọ́la."

 Ó purọ́ fún mi lójúkojú.

N kò pariwo. Iṣẹ́ kíka mítà iná láti ilé dé ilé ni mo fi ayé mi ṣe. Bí o bá rí ẹni tó ń jí iná, tí o tètè lanu, á ti tú wáyà rẹ̀ kí ọ̀gá tó dé. Ńṣe lo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wàá gba tíì tó bá fi lọ̀ ọ́, wàá sì padà wá. Nítorí náà mo tún pè ní ọ̀sán, ní ohùn ara mi, mo ní 18 tẹ́ mi lọ́rùn, kí ó máa hun ún lọ.

Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ. "Ẹ ò ní kábàámọ̀ ẹ̀, ọkọ mi. Ẹ bá mi kí McCorquodale o."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan wáyà ìhòòhò.

Mọ́ńdeè, 20 oṣù Karùn-ún

Carol wá. Ó se ẹ̀wà àti ẹyin fún mi, ó fọ abọ́, ó sì gbé ṣòkòtò dúdú mi lọ, ó ní òun fẹ́ ká etí ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ń wọ́lẹ̀. Ọmọ yìí kò rán bọ́tìnì rí láyé rẹ̀. Mo sì rí téèpù nínú báàgì rẹ̀.

Ohun méjì péré ni mo mọ̀ tí wọ́n máa ń torí ẹ̀ wọn arúgbó. Ọ̀kan ni kóòtù ìgbéyàwó. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi pé ìgbéyàwó kan ń bọ̀.

Wẹ́sìdeè, 22 oṣù Karùn-ún

Mo rí ọkọ̀ Den níwájú ilé Carol. Mo bi í. Ó ní òun lọ tún ẹ̀rọ omi rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tí ọkọ Carol ń ṣe jẹun ni ṣíṣe ẹ̀rọ omi.

Sátidé, 15 oṣù Kẹfà

Ẹsẹ̀ méjèèjì dé. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: wọ́n rẹwà. Sípóòkù wọn tọ́, ríìmù wọn ń dán bí ojú adágún. Mo yí ti iwájú, ó ń yí lọ láìfì, mo sì jókòó tì í bí ẹni tó ń wo iná ààrò.

Ṣùgbọ́n táyà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ fún Den kó lọ rà á: 4.00 fún ẹ̀yìn. Èyí tó dé, 4.10 ló wà lára rẹ̀.

"Kì í ṣe ohun tí mo ní kí o rà nìyí."

"Wọ́n fi kún un fún ọ, o tún ń ráhùn," ni Den wí. "Ìwọ nìkan ni wọ́n máa ń fún ní jàárá tí á pe ọlọ́pàá."

Mo wo ríìmù náà, ó gbòòrò tó láti gbà á láìfún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tún fi àyè sílẹ̀ láàárín táyà àti ṣéènì. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mọ́ńdeè, 17 oṣù Kẹfà

Èmi, tí mo ti gun alùpùpù kí òbí ọmọ onírùngbọ̀n yẹn tó pàdé ara wọn!

Mo fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri gáréèjì nígbà tí ẹsẹ̀ àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tí orí ìjókòó dé. Lónìí mo gbé alùpùpù sí ibẹ̀ padà. Ìjókòó ti sọ̀kalẹ̀ kúrò lójú àmì náà ní ìbú ìka kan ó lé. Mo mọ iye tí 18 máa mú kúrò lára 19. Kò tó bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó lórí àpótí, mo ń wo táyà náà, ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Ìdílé méjì ni wọ́n. Àwọn 3.50 àti 4.00 jẹ́ ẹbí àtijọ́, wọ́n ga, ògiri wọn nà sókè. Àwọn 3.60 àti 4.10 jẹ́ ẹbí tó dé lẹ́yìn, wọ́n kúrú. Nọ́ńbà lọ sókè, táyà lọ sísàlẹ̀. Ohun tí a fi máa ń dán ọmọ tuntun wò ní káfẹ́ nìyẹn: "Èwo ló ga jù nínú 4.00 àti 4.10?" Bí ó bá ní 4.10, òun ló máa ra tíì fún gbogbo ilé. Wọ́n ti mú kí n ra tíì, ní ọjọ́ orí mi.

Ta ló fẹ́ kí alùpùpù mi kúrú? Alùpùpù tó bá kúrú jù, sàléńsà rẹ̀ á máa ha ilẹ̀ ní kọ́nà. Ẹ̀rù á ba ẹni tó ń gùn ún, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e tà. Bí èmi bá tà á fúnra mi, Carol kò ní jẹ́ ọmọ búburú tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà nìyẹn. Den ló sì ń bá a gbé e.

Tọ́sìdeè, 25 oṣù Keje

Ooru burúkú. Ọ̀dà títì ń rọ̀, rédíò ní kí àwọn àgbàlagbà má jáde. Den gbé ìjókòó alùpùpù dé láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ awọ ní Southall, níbi tí mo ní kó gbé e lọ kí wọ́n lè pààrọ̀ awọ rẹ̀. Fóòmù inú rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ bí búrẹ́dì tí wọ́n yan.

"Ó ní awọ ò tó," ni Den wí.

"Kí ló kan awọ pẹ̀lú fóòmù?"

"Wilf, ooru mú jù."

Mo fi kún ohun tí mo ti kó jọ lọ́kàn: ríìmù, táyà, fóòmù. Mo gbé ìjókòó náà sí i, mo bo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. N kò fẹ́ jókòó lórí rẹ̀. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù bà mí láti jókòó lórí rẹ̀.

Sátidé, 10 oṣù Kẹjọ

Ìjì. Ó ti wó ọgbà aládùúgbò. Den wá pẹ̀lú sọ́séèjì ròòlù mẹ́rin nínú ọ̀rá. N kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Den, ta ló yí táyà mi?"

"Táyà wo?"

"Pauline ní 19 kò sí, irọ́ ni. O ra 4.10 dípò 4.00. O ní kí wọ́n gé fóòmù mi. O ń lọ sílé ọmọ mi lẹ́yìn mi. Èló ni Carol ń fún ọ?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ó máa bú mi. 

"Ṣé o ti jókòó lórí ẹ̀?"

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

"Ṣé o ti jókòó lórí alùpùpù yẹn, ìwọ olórí kunkun yìí?"

"N kò tíì jókòó."

"Jókòó lórí ẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà kí o wá kó mi lọ sẹ́wọ̀n."

Mo ní kó jáde kúrò ní gáréèjì mi. Ó jáde nínú ìjì náà láìwẹ̀yìn. Ó fi sọ́séèjì ròòlù sílẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án títí di ìrọ̀lẹ́.

Sunday, 18 oṣù Kẹjọ

Den kò wá, kò pè. Ilé dákẹ́ jù.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo ṣí aṣọ kúrò lórí alùpùpù. Mo gbé e sún mọ́ tábìlì iṣẹ́ kí n lè di tábìlì mú, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá. Mo tì í kúrò lórí ìdúró rẹ̀. Mo ń retí kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi máa wá ilẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wá bàtà nínú òkùnkùn.

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló balẹ̀. Gìgísẹ̀ náà balẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì, pẹrẹsẹ.

Mo fi tábìlì sílẹ̀. Alùpùpù náà dúró láàárín itan mi, kò fì síbì kankan. Mo mì í sọ́tùn-ún, mo mì í sósì, mo gbà á padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́ láti bí ọdún mélòó kan.

Ríìmù. Táyà. Fóòmù. Nígbà náà ni mo rántí ṣòkòtò dúdú mi àti téèpù inú báàgì Carol.

Nọ́ọ̀sì kan wọ̀n mí lọ́dún tó kọjá, ó ní mo ti kúrú ju ti tẹ́lẹ̀, mo ní rúlà rẹ̀ ni kò péye. Ẹnikẹ́ni kò tún bá mi sọ ọ́ mọ́.

Mo pẹ́ lórí ìjókòó náà. Mo jẹ sọ́séèjì ròòlù tó kù nínú fíríìjì. Ó ti gan.

Mọ́ńdeè, 26 oṣù Kẹjọ

Ìsinmi, oòrùn sì mú. Mo fi ìròyìn ránṣẹ́ sí Den pé mo ń dá sípánà rẹ̀ padà. Ó ní òun á wá gbé e fúnra òun. Ó jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ mi. 

"Mo ti jókòó lórí ẹ̀," ni mo wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ó kúrú jù. Sàléńsà á ha ilẹ̀ ní kọ́nà."

"Kọ́nà wo lo tún fẹ́ sáré yí, baba arúgbó? Kọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Mo kàn ń sọ ni."

"O máa ń kàn sọ ni."

Mo da tíì fún un, mo fi ṣúgà sí i bó ṣe fẹ́ ẹ. "Táyà ẹ̀yìn yẹn," ni mo wí, "ti 4.10 yẹn. Wọ́n mà fi kún un fún mi lóòótọ́."

Ó gbé ojú sókè. Ó wò mí pẹ́. Ó mọ ìyàtọ̀ 4.00 sí 4.10 bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

"Mo sọ fún ọ," ni ó wí, ó sì mu tíì rẹ̀.

Sunday, 8 oṣù Kẹsàn-án

Kùrukùru láàárọ̀, ó sì ká. Ilẹ̀ gbẹ.

Carol ti dúró lẹ́nu géètì kí n tó ṣí gáréèjì, ó ká apá rẹ̀ mọ́ àyà. Mo tan ẹ́ńjìnnì. Mo gùn ún, mo tì í kúrò lórí ìdúró rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Kò wo ojú mi. Etí ṣòkòtò dúdú mi ló ń wò, ibi tó ti pàdé bàtà, níbi tí ó rán an sí ní wọ́gọwọ̀gọ. Ó tó àkókò kan, ó yíjú sí ọgbà aládùúgbò, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé òdòdó wà níbẹ̀. Ọgbà tí ìjì wó ni.

"Ẹ rọra, Dádì." Ó bá mi tún kọ́là ṣe. Kò dárúkọ kọ́kọ́rọ́.

A kúrò ní káfẹ́ pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ alùpùpù, ariwo wọn ń mi ilẹ̀. Den wà lápá ọ̀tún mi. Bí a ṣe dé Hanger Lane báyìí, iná di pupa, ó sì dá mi dúró síbi tí mo ṣubú sí ní oṣù Kẹwàá gan-an.

Mo gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀. Mo gbé ti ọ̀tún sílẹ̀. Pẹrẹsẹ.

Mo bojú wo ẹ̀gbẹ́. Bàtà Den wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lórí ọ̀dà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn bí búrẹ́dì tí wọ́n to léra; ṣọmákà ti lẹ awọ kan mọ́ òmíràn, àwọ̀ wọn kò tilẹ̀ bára mu. Òun ló ga jù nínú àwa méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ó rí i pé mo ń wò ó. Mo yára kọjú síwájú.

"Ṣọ́ra o!" ni ó pariwo láti inú akoto rẹ̀. "Epo wà níbí!"

Mo wolẹ̀. Títì náà gbẹ fúrúfúrú.

"Mo rí i," ni mo pariwo padà. "Ó pọ̀!"

Iná di àwọ̀ ewé.